Bí Dátábéèsì Ọ̀tọ̀ fún Ayálégbé Kọ̀ọ̀kan Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé áàpù kan ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan (tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ayálégbé) ní dátábéèsì tirẹ̀, ìyẹn ibi tí áàpù ń kó dátà pamọ́ sí, lè rò pé àṣà tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Owó ló mú kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n tó tún padà sídìí rẹ̀. Láyé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ń ra sọ́fítíwia lọ sórí ẹ̀rọ ara wọn, ta ni yóò bá wọn da dátà pọ̀? Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà gbé sọ́fítíwia náà sórí sáfà tiwọn, kí oníbàárà máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lò ó. Wọ́n ń dá ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbé kalẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú dátábéèsì tirẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn sì kógbá wọlé nígbà tí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.

Salesforce, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwia tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1999, gba ọ̀nà míì. Inú tábìlì kan náà ni wọ́n kó gbogbo oníbàárà sí, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbé àmì ẹni tó ni ín. Owó rọlẹ̀. Àtúnṣe kan ṣoṣo sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayálégbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn wo àwòkọ́ṣe wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dúró láàárín ayálégbé kan àti èkejì, nínú ìbéèrè tó ní kí dátábéèsì kó ìwé owó ayálégbé nọ́ńbà 42 nìkan wá:

SELECT * FROM invoices WHERE tenant_id = 42;

Bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan bá gbàgbé láti kọ apá WHERE yẹn, ìwé owó gbogbo ayálégbé ló máa tú síta lójú ẹnì kan. Ẹ̀rọ ò sì ní ké gbàjarè, torí ìbéèrè náà tọ̀nà lójú tirẹ̀. Oracle 8i, sọ́fítíwia dátábéèsì kan, ti fún dátábéèsì lágbára láti máa so ààlà náà mọ́ ìbéèrè fúnra rẹ̀ láti ọdún 1999. PostgreSQL, sọ́fítíwia dátábéèsì mìíràn, ò ní irú agbára yẹn títí ẹ̀dà 9.5 fi jáde ní oṣù kìíní ọdún 2016.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ nínú ìtàn yìí ni Host, ìlà inú ìbéèrè tó ń sọ orúkọ ìkànnì tí èèyàn ń wá. Ní HTTP/1.0, ẹ̀dà kan nínú ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń béèrè ìkànnì lọ́wọ́ sáfà, ìbéèrè tó dé sáfà kì í sọ orúkọ ìkànnì tó ń wá dandan, nítorí náà ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní láti ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. HTTP/1.1, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1997, ló sọ ìlà Host di ọ̀ranyàn. Láti ìgbà náà ni áàpù kan ti lè ka orúkọ náà, kó yẹ ìwé orúkọ àwọn ayálégbé wò, kó sì mọ dátábéèsì tó máa ṣí. Lójú tèmi, ìlà kékeré yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

PostgreSQL 7.3, tó jáde lọ́dún 2002, mú schema wá: dátábéèsì kan, yàrá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó wu èèyàn, àmọ́ ó ní ọgbọ́n àrékérekè tirẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ search_path ló ń sọ yàrá tí ìsopọ̀ kan, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù gbà ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, wà. Bí ìsopọ̀ náà bá padà sínú agbo ìsopọ̀, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìsopọ̀ sí kí wọ́n lè tún lò wọ́n, láìnu search_path yẹn kúrò, yàrá ẹlòmíràn ni ẹni tó bá tún mú un máa bá ara rẹ̀.

Dátábéèsì tó dá dúró kò ní ìyọnu yìí, torí ní PostgreSQL, ìsopọ̀ kan kì í kúrò nínú dátábéèsì tó wọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni iye. Ká ní ayálégbé 300 ni, tí áàpù sì ń tọ́jú ìsopọ̀ 5 sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìsopọ̀ 1,500 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 100 ni PostgreSQL ń gbà bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ìdí nìyẹn tí PgBouncer, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, tó jáde láti Skype lọ́dún 2007, fi rí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ìkọ́ áàpù náà gbọ́ igbe: Django 1.2 gba dátábéèsì púpọ̀ lọ́dún 2010, Rails 6.0 lọ́dún 2019.

Kí ló dá àwọn èèyàn padà sí dátábéèsì ọ̀tọ̀? Òfin wà lára rẹ̀. GDPR, òfin ààbò dátà àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́ fẹ́ kó pa rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dun àwọn òṣìṣẹ́ jù ni ìmúpadàbọ̀sípò. Bí ayálégbé kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, tí ẹ bá dá dátábéèsì àjùmọ̀lò padà sí ti àná, iṣẹ́ òní ti gbogbo àwọn yòókù lọ nìyẹn. Bí ó bá ní tirẹ̀, tirẹ̀ nìkan lẹ máa dá padà.

Owó tí wọ́n fi san án ni àtúnṣe tábìlì. Òpó kan tí ẹ fẹ́ fi kún tábìlì di ohun tí ẹ máa ṣe nígbà 300, bó bá sì kọsẹ̀ lórí ẹni 140, apá kan wà ní ìrísí tuntun, apá kan sì wà ní ti tẹ́lẹ̀, áàpù kan náà ló sì ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe wá ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi òpó tuntun kún un láìyọ ti àtijọ́, wọ́n á kọ kóòdù tó lè lo èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọn ò sì ní yọ ti àtijọ́ títí ẹni tó kẹ́yìn nínú ìwé orúkọ yóò fi kọjá.