Ìnà-gbọọrọ: ìdí tí èèhù inú ilé fi ń ga tí kò sì ń lágbára

Ẹni tó bá ti gbin irúgbìn tòmátì sínú ilé rí, ní ìgbà ìrúwé tí òtútù kọ̀ tí kò tètè lọ, yóò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Irúgbìn hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, inú ẹni tó gbìn ín sì dùn. Nígbà tí yóò fi tó ọjọ́ 14, èèhù náà ti ga tó ìka àárín ọwọ́, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ tínínrín bí òwú ìránṣọ, ewé méjì àkọ́yọ nìkan ló ṣì wà lórí rẹ̀, ewé náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé bí ẹni tó ń yọjú wo ìta. Ìnà-gbọọrọ ni mo pe èyí nínú àlàyé yìí. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní etiolation. Bí a bá fẹ́ ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà lò, ìdàgbà inú òkùnkùn pátápátá ni wọ́n fún ní orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àmì ìdàgbà rere ni. Ọ̀gbìn tí ebi ìmọ́lẹ̀ ń pa ni, tó ń fi ìwọ̀nba ohun tó ní wá ọ̀nà àbáyọ.

Kí a tó dé ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a rántí ohun tó gbé irúgbìn wọ inú ilé. Tòmátì, ata àti ẹ̀gúsí kò lè fara da ìrì dídì. Alẹ́ kan péré tí ojú ọjọ́ bá já sí ìwọ̀n 0°C ti tó láti sọ wọ́n di dúdú. Nítorí náà ni àwọn tó ń gbé níbi tí òtútù ti ń pẹ́ ṣe máa ń ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n retí pé ìrì dídì ìkẹyìn yóò rọ̀: ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 fún tòmátì, 8 sí 10 fún ata, 3 sí 4 fún kùkúḿbà àti àwọn ẹbí ẹ̀gúsí. Ìṣirò yìí dára, àmọ́ bí òtútù bá fa ìgbà ìrúwé sẹ́yìn, ọjọ́ gbígbìn síta yóò sún síwájú nígbà tí èèhù kò ní dúró dè é. Yóò wá lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a kò bá a dá lábẹ́ òrùlé, inú àfikún ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí gan-an sì ni ìnà-gbọọrọ ti máa ń gbalẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ènìyàn pẹ́ díẹ̀ kó tó gbin irúgbìn sàn ju kí ó yá jù lọ. Èèhù ọ̀sẹ̀ 6 tó gìrìpá máa ń bá èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ 10 nínú ilé, tí ara rẹ̀ ti rọ, tí ó sì tún ń kọjá rẹ̀ nínú oko.

Inú ilẹ̀ ni ìwà yìí ti ṣẹ̀ wá, ó sì wúlò níbẹ̀. Irúgbìn tí a bò mọ́lẹ̀ wà nínú òkùnkùn, oúnjẹ tó sì wà nínú èpo rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá fi oúnjẹ yẹn ṣe ewé fífẹ̀ tàbí tó fi ṣe àwọ̀ ewé tútù nígbà tí kò tíì rí oòrùn, yóò kú sábẹ́ ilẹ̀. Gíga nìkan ló ń ná an lé lórí: ó tẹ orí rẹ̀ kọdọrọ kí iyanrìn má baà fọ́ ọ, ó sì ń fa ọ̀rùn gùn títí yóò fi yọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá pàdé lókè ni ìjánu rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, gígùn yóò dúró, orí yóò nà, ewé yóò là, àwọ̀ yóò sì di tútù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ìjánu náà kò ní mú dáadáa, èèhù yóò sì máa hùwà bí ẹni tí kò tíì jáde kúrò nínú ilẹ̀.

Gígùn yìí kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹran ara tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti wà nínú igi rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń fà bíi rọ́bà, ògiri wọn sì ń fẹ́lẹ́ sí i bí wọ́n ti ń fà, ìdí nìyẹn tí igi náà kò fi lè gbé orí ara rẹ̀ dúró. Ohun tó ń pàṣẹ fún wọn ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní auxin, tó ń ti orí èèhù ṣàn wá sísàlẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, auxin yóò pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò gùn ju èkejì lọ, ọ̀gbìn yóò sì tẹ̀ sí ibi ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1880 ni Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, àti ọmọ rẹ̀ Francis tẹ àbájáde àwọn ìdánwò wọn lórí èèhù koríko jáde: nígbà tí wọ́n fi fìlà kékeré bo orí èèhù, kò tẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni títẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀. Orí ló ń rí ìmọ́lẹ̀, ọ̀rùn ló ń ṣiṣẹ́ lé e.

Àyè híhá tún ń dá kún un. Ewé a máa gba ìmọ́lẹ̀ pupa jẹ, ṣùgbọ́n oríṣi pupa kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá agbára ojú ènìyàn, èyí tí ewé ń jẹ́ kó kọjá tàbí tó ń dá padà sára aládùúgbò rẹ̀. Bí irú pupa yìí bá ti pọ̀ láyìíká èèhù kan, ó ti mọ̀ pé àwọn mìíràn ń bọ̀ wá ṣíji bo òun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sókè ṣáájú kí òjìji náà tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn 30 tí a dà sínú ife kan ṣoṣo fi máa ń ga ju àwọn tí a fún ní ààyè, àfi tí a bá tètè dín wọn kù.

Ojú wa ló sábà ń tàn wá jẹ nípa ìmọ́lẹ̀, nítorí ó máa ń bá ibi tó bá wà mu. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìmọ́lẹ̀ ìta lè tó 100,000 lux (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀); bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó ṣì lè tó 10,000. Lórí tábìlì tó wà ní àárín yàrá, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni. Yàrá tí ènìyàn lè jókòó kàwé dáadáa nínú rẹ̀ lè jẹ́ ilé ebi fún tòmátì.

Bí ó ti wù kí ó rí, àìtó ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Lójú tèmi, ooru ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bàjẹ́ jù, torí pé nínú ilé ooru rọrùn láti rí, ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n. Ooru ló ń sọ fún ọ̀gbìn bí yóò ti sáré tó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń bọ́ ọ lójú eré náà. Ẹni tó fún èèhù ní ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ìgbà òtútù ti ní kí ó sáré lórí ikùn òfìfo. Mo ti ṣe é rí. Tíréè kábéèjì kan ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, mo ní kí òtútù má baà mú wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo wọn ti dùbúlẹ̀ sí apá kan bí irun tí a fi omi yà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì máa ń ṣe nígbà tí èèhù bá tínínrín ni pé a óò tún fi kún ooru rẹ̀, a óò fi omi kún un, a óò wọ́n ajílẹ̀ lé e. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Irúgbìn ló nílò ooru, èèhù kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Tòmátì máa ń hù dáadáa láàárín 21°C sí 27°C, ata sì fẹ́ kí ó móoru díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbàrà tí àwọn orí àkọ́kọ́ bá ti yọ, kí a má dúró de àwọn tó kù: kí a ṣí ọ̀rá kúrò lórí tíréè, kí a gbé e kúrò níbi tó móoru, kí a sì wá ibi tó wà ní nǹkan bí 18°C sí 20°C lọ́sàn-án àti 15°C tàbí 16°C lóru fún tòmátì. Àwọn ẹbí kábéèjì àti lẹ́tíùsì fẹ́ òtútù ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń gbin òdòdó fún títà nínú ilé gíláàsì tilẹ̀ máa ń dín ooru kù fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní àfẹ̀mọ́júmọ́, torí pé àsìkò náà ni igi ọ̀gbìn máa ń gùn jù.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, iná LED funfun ti tó. Wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ni kí ó máa tàn, kí a sì pa á lóru, nítorí ewé tòmátì máa ń pọ́n, ó sì máa ń bàjẹ́, bí iná kò bá kú rárá. Iná gígùn tó rí bí ọ̀pá lè sún mọ́ ewé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí a máa gbé e sókè bí ọ̀gbìn ti ń ga. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Bí a bá na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ibi tí ewé wà fún ìṣẹ́jú kan tó sì ta wá lára, ó ti sún mọ́ jù.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí bébà fẹ́lẹ́ kan ra orí àwọn èèhù náà jẹ́jẹ́, bí ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀ àti bí ìgbà mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, wọn yóò kúrú, igi wọn yóò sì ki. Ọ̀gbìn gbà pé atẹ́gùn ló ń ti òun, ó sì ń di ara rẹ̀ ní àmùrè. Fáànù kékeré ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì tún ń jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ, èyí tó ṣe pàtàkì nítorí àrùn kan máa ń bá ilẹ̀ tó ń rin gbindin-gbindin rìn: ìdí igi èèhù yóò fún bí ẹni pé okùn so ó, èèhù yóò sì wó lulẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Èyí tó ti na gbọọrọ ni àrùn yìí kọ́kọ́ ń mú. Kò ní oògùn bó bá ti dé; kí a fi omi sí abẹ́ ife dípò orí rẹ̀, kí ife sì mọ́.

Èyí tó ti gùn kò lè kúrú mọ́. Tòmátì nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ní àtúnṣe tó rọrùn, nítorí igi rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò níbikíbi tí ilẹ̀ bá bò ó: kí a di ewé rẹ̀ mú, kí a má di igi rẹ̀ mú, kí a sì tún un gbìn sínú ife jíjìn títí dé ìdí ewé àkọ́yọ. Lẹ́tíùsì tí a bá rì bẹ́ẹ̀ lè jẹrà. Fún èyí tí irúgbìn rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́, títún un gbìn yá ju títọ́jú aláìsàn lọ.

Èèhù tó gìrìpá pàápàá kò mọ ìta. Ewé tó là lábẹ́ iná fẹ́lẹ́, kò bá oòrùn tààrà pàdé rí. Ọjọ́ 7 sí 14 la fi ń mú un mọ ìta: wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ ibòji ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a máa fi kún un lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà kí a jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kàn án, kí ti ọ̀sán sì wá tẹ̀lé e. Bí a bá kánjú, àmì funfun gbígbẹ bíi bébà yóò hàn lára ewé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ibẹ̀ kò sì ní padà ní àwọ̀ ewé tútù mọ́. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́ ṣe. Kí tòmátì má sì sùn síta títí di ìgbà tí òru kò bá lọ sísàlẹ̀ 10°C mọ́.