Ẹ̀rọ Ìgbìn Àfọwọ́tì: Ẹ Wo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ná Owó

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, àwọn tó kọ́lé sí apá Under G, tí ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù sí ẹ̀yìnkùlé wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìgbìn tí à ń fọwọ́ tì. Ìdáhùn mi ni pé ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná, ká sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn.

Ẹ̀rọ náà kò le. Ó ní táyà méjì, ọwọ́ gígùn tí èèyàn ń dì mú lóòró, ike tí à ń bu irúgbìn sí, àti àwo pẹlẹbẹ oníhò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà. Bí ẹ bá ṣe ń tì í, táyà iwájú ló ń yí àwo. Àwo á máa bu hóró sílẹ̀, irin kékeré ìsàlẹ̀ á ti la ilẹ̀ dè é, ṣéènì tó ń wọ́ tẹ̀lé e á da yẹ̀pẹ̀ bò ó, táyà ẹ̀yìn á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìbàdí á fi máa ro yín, ìlà yín á sì tọ́. Lójú tèmi, ìlà tó tọ́ yẹn lèrè tó pọ̀ jù, torí pé bí koríko bá yọ, ọkọ́ á ráyè kọjá láìpa ẹ̀fọ́ lára.

Ẹ̀rọ yìí kì í gun ebè. Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú ló fẹ́, èyí tí a ti ro, tí a sì ti fi réèkì fọ́ gbogbo ògúlùtu rẹ̀. Ibi púpọ̀ ló wà nínú ìlú wa tí yangí ò jìnnà sókè ilẹ̀. Bí irin bá kọ lu òkúta, á fò sókè, hóró tó bọ́ nígbà náà á wà ní gbangba fún ẹyẹ àti èèrà. Ẹ ṣa òkúta, ẹ kó gbòǹgbò koríko dànù. Ẹ má sì tì í lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ á dí ẹnu irin, ẹ ó máa rìn lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ò gbin nǹkan kan. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀, ẹ fún un lọ́wọ́, kí ẹ wá fi ìka kàn án. Bó bá fọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dúró gírígírí, ó di ọ̀la.

Irúgbìn ni wàhálà gangan. Ilá, ẹ̀wà àti àgbàdo bá ẹ̀rọ yìí mu, torí hóró wọn tóbi. Àṣà rírẹ ilá sómi mọ́jú kò bá a mu: hóró tó ti wú á há sínú ihò, àwo á sì fọ́ ọ. Ewédú kì í tètè hù àfi tí a bá rì í bọ omi gbígbóná: kí á dì í sínú aṣọ, kí á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí á sì yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a síbòji títí á fi gbẹ tí hóró ò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́, kó tó wọnú ike.

Tẹ̀tẹ̀ kéré jù, ó ń yọ́ gba ẹ̀yìn àwo, ó sì ń dà ṣùù lójú kan. Àwọn kan ń pò ó mọ́ iyanrìn, ṣùgbọ́n iyanrìn ń jẹ ike. Ẹ mú tẹ̀tẹ̀ ògbólógbòó tí ẹ ò fẹ́ mọ́, ẹ yan án nínú agbada gbígbẹ kó má lè hù, kí ẹ pò ó mọ́ èyí tó dáa, ààyè kan sí yíyan mẹ́ta. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bú bíi gúgúrú.

Kí ẹ tó wọ oko, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ gbé irin tó ń la ilẹ̀ sókè, kí ẹ ti ẹ̀rọ náà lọ ní mítà 3, kí ẹ sì ka hóró tó bọ́. Ilá ń fẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà láàrin ara wọn, nítorí náà bíi 10 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Èmi máa ń jẹ́ kó tó 20, torí gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń hù, mo sì lè fa àpọ̀jù tu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sẹ̀lótéépù dí ihò kan, kí ẹ fo ìkejì. Ìjìnlẹ̀ ilá jẹ́ 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà. Ti tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò gbọdọ̀ ju 1 lọ.

Ata àti tòmátò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nọ́sìrì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbúre náà, igi rẹ̀ là ń gé gbìn. Ẹni tó sì ń gbin tẹ̀tẹ̀ tó fẹ́ fà tu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, fífọ́n ló bá a mu. Àwọn ìyá tó ń ṣe ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ ò ṣì í. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì péré lẹ ní, ẹ má rà á. Ẹ lu ihò sí ìdérí ìgò omi, kí ẹ máa fi gbọn irúgbìn sílẹ̀, ó tó. Bí aládùúgbò mẹ́rin bá dáwó jọ, ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Tí ẹ bá parí, ẹ tú ike náà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gbọn ẹ̀yìn àwo. Irúgbìn tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn ní ṣọ́ọ̀bù, oògùn ló wà lára rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún adìẹ.