Koríko tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, oorun ló ń sùn

Ẹni tó bá gba àárín àwọn òkè Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, kọjá lọ sí ìhà odò Okpara nínú oṣù kejì, pápá gbígbẹ ló máa rí lọ bẹẹrẹ. Koríko eruwà ti pọ́n, ọyẹ́ ti fa omi ara rẹ̀ tán. Àwọn èèyàn á ní ó ti kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò kú o, oorun ló ń sùn.

Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà lára ewé koríko. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ, koríko á pa ihò náà dé, ewé á sì ká kò kí oòrùn má baà rí i pa tán. Bí ọ̀dá kò bá dẹwọ́, á jọ̀wọ́ ewé rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ fa oúnjẹ díẹ̀ padà sí ìdí àti gbòǹgbò.

Ìdí yìí gan-an ni kí a tẹjú mọ́. Níbi tí koríko ti pàdé ilẹ̀ ni ojú tí ewé tuntun ń gbà yọ wà. Nítorí pé ó sún mọ́ ilẹ̀, eyín màlúù kì í sábà bà á, iná ìgbẹ́ sì lè fò ó kọjá. Ti èkan tilẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí pápá tó jóná fi ń rúwé kí òjò tó rọ̀ rárá. (Àwọn koríko ọlọ́dún kan kì í sùn ní tiwọn. Wọ́n á gbọn èso sílẹ̀, wọ́n á sì kú.)

Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ni ewu ńlá tó dé. Ewé tuntun kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ ìdí ló ń jẹ, bí àgbẹ̀ ṣe ń jẹ iṣu inú àká kí tuntun tó ta. Ebi sì ti pa màlúù, ojú darandaran náà ti wá ewé tútù títí. Bí ẹran bá já a lẹ́ẹ̀kan, koríko á tún fà nínú ìpamọ́. Bí wọ́n bá ń já a léraléra, ìpamọ́ á tán, gbòǹgbò á kúrú, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ á sì pa á. Ewéko tí màlúù kì í jẹ ni yóò gba àyè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó kú, ẹ fà á tu. Tó bá di ilẹ̀ mú, tí ìdí rẹ̀ sì funfun nínú, ó wà láàyè. Tó bá tètè jáde, tó gbẹ títí dé inú, ó ti lọ.

Mo mọ̀ pé oko òwú àti kajú ti fún ọ̀nà ẹran mọ́ra, kò sì rọrùn láti dá màlúù dúró. Síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin ọlọ́sìn wa: ẹ jẹ́ kí ewé dé orúnkún kí ẹran tó wọ̀ ọ́. Láàárín ìgbà náà, ewé ẹ̀pà, èèpo iṣu àti pòròpórò ọkà bàbà tí ẹ ti tọ́jú látìgbà ìkórè ni kí ẹ fún wọn.