Àwọn Ẹ̀dà Àfọwọ́kùn tí Van Gogh Ṣe Látara Àwòrán Àfigitẹ̀ Ilẹ̀ Jàpáànù

Ní ọdún 1887, nígbà tí ó ń gbé ní ìlú Párísì, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Hólándì, Vincent van Gogh (1853–1890), fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ẹ̀dà mẹ́ta látara àwòrán àfigitẹ̀ àwọn ará Jàpáànù, ìyẹn àwòrán tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Méjì nínú wọn wá látinú iṣẹ́ Utagawa Hiroshige (1797–1858), ẹ̀kẹta sì wá látinú iṣẹ́ Keisai Eisen (1790–1848). Ọ̀dà olóròóró ni ó lò, orí aṣọ kánfáàsì ni ó sì kùn wọ́n sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Van Gogh Museum ní ìlú Amsterdam.

Ukiyo-e ni àwọn ará Jàpáànù ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìlú Edo tí ó di Tokyo lónìí sì ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni. Oníṣòwò tí yóò gbé àwòrán náà jáde ni ó ń náwó sí i. Ayàwòrán yóò ya tirẹ̀ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Agbẹ́gi yóò lẹ ìwé náà mọ́ pákó igi ṣẹ́rì ní ìdojúbolẹ̀, yóò sì gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà dànù títí ìlà nìkan yóò fi yọrí. Lẹ́yìn náà ni atẹ̀wé yóò fi àwọ̀ sára pákó, tí yóò tẹ́ ìwé tí ó rin díẹ̀ lé e, tí yóò sì fi ohun èlò pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní baren ra ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Pákó tí wọ́n fi ń tẹ ìlà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń tẹ àwọ̀. Ìwé tí ayàwòrán fọwọ́ yà gan-an máa ń bá ọ̀bẹ agbẹ́gi lọ. Nítorí náà, kò sí ẹyọ kan tí a lè nàka sí pé òun nìkan ni ojúlówó. Gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ látara pákó náà ni ojúlówó. Ẹni tí ó bá wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀dà rẹ̀ ń yí ọ̀nà iṣẹ́ náà padà pátápátá, nítorí ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó sọ di ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ kan ṣe.

Van Gogh kò dé Jàpáànù rí. Ilé ìtajà Siegfried Bing ní Párísì ni ó ti rí àwọn àwòrán náà, owó wọn kò sì wọ́n nígbà náà. Òun àti àbúrò rẹ̀, Theo, ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó sì pàtẹ díẹ̀ nínú wọn ní ilé kọfí Le Tambourin lọ́dún 1887 kan náà.

Àwòrán Hiroshige méjèèjì jáde ní ọdún 1857, nínú ọ̀wọ́ Meisho Edo Hyakkei, èyí tí ó ṣàfihàn àwọn ibi olókìkí ní Edo. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọgbà igi plum ní Kameido. Ẹ̀ka igi ńlá kan ni ó dí ojú àwòrán, etí ìwé sì gé e lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé láàárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni a ti ń wo àwọn èèyàn kéékèèké tí ó wà lọ́nà jíjìn. Kí Van Gogh má bàa ṣì í, ó fi ìwé tí ojú ń là kọjá lé àwòrán náà, ó tọ ìlà rẹ̀, ó sì fa ìlà onígun mẹ́rin mẹ́rin sí i kí ó lè sọ ọ́ di ńlá. Ìwé títọ̀ yìí ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ṣọ́ra fún ìlà tó, kò jẹ́ kí àwọ̀ dè é lọ́wọ́. Ara igi tí ó jẹ́ eérú àti dúdú nínú ti Hiroshige di pupa àti búlúù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkejì ni òjò òjijì lórí afárá Shin-Ōhashi, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àárín pákó àti búrọ́ọ̀ṣì ti hàn jù. Àwọn èèyàn tẹ̀ba lábẹ́ agbòjò, wọ́n ń yára kọjá lórí afárá, ẹnì kan sì ń tukọ̀ nísàlẹ̀. Agbẹ́gi ni ó gbẹ́ òjò náà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbọ̀n rárá. Kùrukùru tí ó ṣú lókè jẹ́ iṣẹ́ atẹ̀wé: ó ń fi ọwọ́ nu àwọ̀ lára pákó kí ó lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láti dúdú dé fífúyẹ́, bokashi ni orúkọ ọgbọ́n yìí, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà olóròóró tí Van Gogh lò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nípọn, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì ń hàn lára rẹ̀. Odò tí ó parọ́rọ́ nínú àwòrán àtẹ̀ wá ń ru nínú ẹ̀dà yìí. Ní etí kánfáàsì méjèèjì, Van Gogh kọ lẹ́tà Jàpáànù tí ó wò kọ láti ara àwòrán mìíràn, fún ẹwà lásán.

Ẹ̀kẹta, obìnrin aṣẹ́wó onípò gíga tí Eisen yà, gba ọ̀nà mìíràn dé ọwọ́ rẹ̀. Iwájú ìwé ìròyìn Paris Illustré ti oṣù karùn-ún ọdún 1886 ni ó ti tọ̀ ọ́, àwọn tí ó tẹ ìwé ìròyìn náà sì ti yí obìnrin náà kọjú sí òdìkejì, nítorí náà ẹ̀dà ẹ̀dà ni èyí jẹ́. Ìgbàjá tí obìnrin náà so síwájú ni ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Van Gogh fi odò, ọparun, òṣíbàtà, àkèré àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yí i ká. Ní ẹnu àwọn ará Párísì ìgbà náà, orúkọ àkèré àti ti ẹyẹ yìí jẹ́ orúkọ àdàpè fún aṣẹ́wó.

Ní oṣù kejì ọdún 1888 Van Gogh kó lọ sí Arles, ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sì tọ ìlà Hiroshige mọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi kọ́ iṣẹ́ náà kò kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1890, nígbà tí Theo bímọ ọkùnrin, ó kun òdòdó igi álímọ́ńdì fún ọmọ náà: ẹ̀ka igi nìkan lórí sánmà búlúù, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, etí kánfáàsì sì gé e gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe gé igi Kameido.