Ọmọ Dé Lóru: Ìwé Wo Ló Yẹ Kó Bá A Wọ Ilé Alágbàtọ́ Pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà?

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ìjọba fi yẹ ilé wa wò kí wọ́n tó fún wa níwèé àṣẹ alágbàtọ́, ìyẹn láti máa tọ́jú ọmọ tí wọ́n bá gbé kúrò nílé òbí rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n wá gbé ọmọ wá láago méjì òru pẹ̀lú bébà kan ṣoṣo?

Ẹ̀yin ni wọ́n fi oṣù wọ̀nyẹn yẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ náà. Òfin àpapọ̀ ọdún 2006 ló ní kí wọ́n fi ìtẹ̀ka yín wá orúkọ yín nínú àkọsílẹ̀ ọ̀daràn gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ tí ẹ ti gbé láàárín ọdún 5 bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn tó fìyà jẹ ọmọ. Àgbàlagbà tó ń bá yín gbélé kò yọ sílẹ̀ nínú ìbéèrè kejì yìí. Ọmọ ní tirẹ̀, ó lè jẹ́ wákàtí méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé e kúrò nílé òbí rẹ̀. Ta ló ráyè wá káàdì àjẹsára rẹ̀?

Kí ló wá yẹ kó wà nínú bébà yẹn?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ óò rí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ̀rí pé ìjọba ló fi í síkàáwọ́ yín, àṣẹ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àti nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó gbé ọmọ wá tíì wọ mọ́tò. Òfin àpapọ̀ tún ní kí alágbàtọ́ rí àkọsílẹ̀ ìlera àti ti ilé ìwé ọmọ gbà. Lóru, òfìfo ni àyè wọ̀nyẹn sábà máa ń wà.

Ṣé kí n gba ọmọ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣófo?

Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà: òògùn tó ń lò, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹrù rẹ̀ níṣojú òṣìṣẹ́ yẹn. Ọ̀rá ìdalẹ̀nù dúdú lè ni wọ́n dì í sí: ṣòkòtò méjì, bàtà ẹsẹ̀ òsì, àti ike òògùn tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀. Bàtà lè dúró dọ̀la. Òògùn kò lè dúró: ta ló ni ín, ìgbà wo ni ọmọ sì lò ó kẹ́yìn? Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò tàbí àpá. Ẹ kọ ibi tó wà lára àti aago tí ẹ rí i, torí bó bá di ọjọ́ kẹta, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ilé yín ló ti ṣèṣe? Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn bọ́ aṣọ lára ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Èyí tó hàn ti tó; ó ku ti dókítà.

Ìgbà wo ni ti dókítà?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà dámọ̀ràn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 72, àti èyí tó kún láàárín nǹkan bí ọjọ́ 30. Bí ara ọmọ bá ń gbóná tàbí tí kò mí dáadáa, ẹ má ka wákàtí kankan.

Ṣé mo lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ?

Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, rárá. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni ìwé yín wà fún. Nọ́ńbà òru yẹn ni kí ẹ pè.

Wọ́n ní ó ní àbúrò, àmọ́ òun nìkan ni wọ́n gbé wá.

Òfin ọdún 2008 ní kí ìjọba sapá láti fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sójú kan, àyàfi bí yóò bá ṣàkóbá fún ọ̀kan nínú wọn. Ó sì fún ìjọba ní ọjọ́ 30 láti wá ẹbí ọmọ kàn. Ilé tó bá láyè ló máa ń ṣòro rí lóru. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé àbúrò yẹn lọ kí mọ́tò tó ṣí, torí ohun tí ọmọ náà máa bi yín nìyẹn kí ilẹ̀ tó mọ́.