Ibi tó ń dun èèyàn lè máà jẹ́ ibi tó bàjẹ́: ọ̀rọ̀ egungun ẹ̀yìn

Egungun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo o, eegun kéékèèké ló tò léra wọn látọrùn dé ìdí. 33 ni wọ́n lọ́mọdé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á wá lẹ̀ pọ̀ tó bá yá, ó ku 24 tó ń tẹ̀ tó sì ń yí: 7 lọ́rùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìbàdí. Ihò kan wà lára wọn tó gùn lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni okùn iṣan tó tinú ọpọlọ wá gbà kọjá, ara okùn yẹn ni àwọn iṣan tó ń lọ sápá, sáyà àti sẹ́sẹ̀ ti ń yọ.

Láàárín eegun kan sí èkejì ni dísìkì wà. Ìta ẹ̀ yi, inú ẹ̀ rọ̀ bíi jẹ́lì, òun ló ń gba ìwúwo ara dúró. Wàhálà ẹ̀ ni pé téèyàn bá ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn wọnú ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ kàn ń rọra jò wọlé látara eegun òkè àti tìsàlẹ̀ ni, torí náà tó bá fara pa, kì í tètè jinná. Bọ́jọ́ orí ṣe ń lọ, omi inú ẹ̀ á máa dín kù, ara tó yi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, títí ọjọ́ kan tẹ́ni náà á bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù tàbí kó kàn sín lásán, jẹ́lì yẹn á bá ojú ibi tó sán yọ síta. Dísìkì fúnra ẹ̀ ò kúrò láyè ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ tì í padà.

Dísìkì méjì tó kẹ́yìn ní ìbàdí ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, iṣan tó ń yọ níbẹ̀ ló sì ń para pọ̀ di iṣan ńlá tó ń lọ sẹ́sẹ̀. Tí jẹ́lì bá tẹ̀ ẹ́, ìrora á gba ìdí lọ sí itan títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀yìn míì ò tiẹ̀ ní dunni rárá. Ẹni náà á máa fòróró ra ẹsẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Tọrùn náà nìyẹn, apá àti ìka ọwọ́ ló máa ń kú.

Bó ṣe ń dunni tó kọ́ ló ń sọ bó ṣe léwu tó. Ẹran ara ẹ̀yìn tó kàn fà lè máà jẹ́ kéèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì lọ fúnra ẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan, irú ẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Àwọn míì wà tí nǹkan kan ò dùn wọ́n rí, tí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, á fi dísìkì tó yọ hàn lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ wo iṣan: ṣé ẹsẹ̀ lágbára, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Ara máa ń jẹ jẹ́lì tó yọ yẹn díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń rí ìrọ̀rùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ. Kéèyàn máa rìn díẹ̀díẹ̀ sì sàn ju kó sùn sílẹ̀ fọ́jọ́ púpọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n tí abẹ́ àti inú itan bá kú, tí ìtọ̀ ò jáde tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tẹ́sẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Gbogbo iṣan ìsàlẹ̀ ló ti há yẹn, tó bá pẹ́ níbẹ̀, ìtọ̀ ẹni náà lè má bọ̀ sípò mọ́.

Tàwọn àgbà tún yàtọ̀. Ihò inú egungun ẹ̀yìn lè fún mọ́ iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀, wọ́n á rìn díẹ̀ ẹsẹ̀ á wúwo, wọ́n á jókòó tàbí kí wọ́n tẹ̀ síwájú, ara á tù wọ́n. Eegun tó ti fúyẹ́, pàápàá tàwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, lè rún wọlé látorí ikọ́ lásán, ibẹ̀ ni gíga ti ń dín kù tí ẹ̀yìn sì ń tẹ̀. Àrùn TB náà máa ń jẹ eegun ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn bá ń dunni lóru, tí ibà ń ṣe é, tó ń rù, kó lọ ṣàyẹ̀wò, oògùn TB máa ń wò ó.

Tó bá wá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀, tàbí ẹni tó já láti òkè, tàbí tó forí bẹ́ sómi tí ò jìn, okùn iṣan tó tinú ọpọlọ wá gan-an lè fara pa, ó sì ṣòro kó tún hù padà. Ibi tó ti bàjẹ́ ló ń pinnu ohun tó máa rọ: tó bá jẹ́ lẹ́yìn àyà, ẹsẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn, ó kan ọwọ́, tó bá jẹ́ òkè ọrùn, mímí gan-an lè dúró. Eegun lè ti ṣẹ́ kí okùn ṣì wà láìfarapa, àwọn tó sáré wá ṣàánú ló máa ń fi fífà bà á jẹ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e jókòó, wọn ò gbọ́dọ̀ ká a sẹ́yìn mọ́tò. Kẹ́nì kan di orí ẹ̀ mú bó ṣe wà, kí wọ́n pe àwọn tó ń gbé aláìsàn, tó bá sì di dandan kí wọ́n gbé e torí iná, kí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin yí i lẹ́ẹ̀kan náà, orí, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ lórí ìlà kan, sórí pákó tó tẹ́jú.