Ọmọ ọdún mélòó ni Ìyá Àgbà? Bí a ṣe ń tọpa ìyá tó pẹ́ láyé ní Òṣogbo

Bí ẹnì kan bá ń wádìí ìyá àgbà kan ní Òṣogbo, ohun tí ẹbí máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ìrántí tàbí ìwé ètò ìsìnkú: "Ó kú ní 1998, ọmọ 120 ọdún." Ọdún tó kú ṣeé gbára lé. 120 yẹn kò ṣeé gbára lé, torí níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣètò òkú ni wọ́n ti fojú bù ú. Àfídáfíìtì ọjọ́ orí tó wà nínú àpótí kò sàn jù ú lọ. Àwọn ọmọ ló lọ búra rẹ̀ ní kóòtù nígbà tí ìyá fẹ́ gba páálí ìrìnnà lọ sí Mẹ́kà. Bí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ 1 January, ẹ tètè fura pé wọ́n fojú bù ú ni.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Ọdún tí ìyá wọ ilé ọkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí ìyẹn ní ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ àdápè ló máa fún un: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, tàbí "ọkọ mi" lásán. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti wọlé ló ń pè lórúkọ gan-an. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi àwọn àgbà agboolé: ta ló kéré jù nínú àwọn tí ìyá fún lórúkọ àdápè, ta ló sì dàgbà jù nínú àwọn tó ń pè lórúkọ? Àárín ìbí àwọn méjèèjì ni ìgbéyàwó ìyá bọ́ sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèrìbọmi tàbí lọ sí ilé ìwé, ìwé rẹ̀ á fún yín ní ọdún. Àmọ́ àwọn ìyá míì máa ń fi ìfẹ́ sọ ọmọ kékeré lórúkọ àdápè, nítorí náà ẹ bi ìyàwó mìíràn tí wọ́n jọ wọlé nígbà kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò ọmọ bíbí. Ẹ mú ọdún ìbí àbígbẹ̀yìn, kí ẹ yọ 48 kúrò. Obìnrin kì í sábà bímọ kọjá ọjọ́ orí yẹn, nítorí náà ó ṣòro kí wọ́n ti bí ìyá ṣáájú ọdún tó kù. Ẹ mú ọdún àkọ́bí, kí ẹ yọ 15. Ó ṣòro kí wọ́n bí ìyá lẹ́yìn ọdún tó kù yẹn. Ká ní wọ́n bí àkọ́bí nígbà àrùn lúkúlúkú ọdún 1918, àbígbẹ̀yìn sì jẹ́ ti 1940. Àárín 1892 sí 1903 ni wọ́n bí ìyá, ó sì kú ní ẹni 95 sí 106 ọdún. Ọmọ 120 ọdún túmọ̀ sí pé ó bí àbígbẹ̀yìn ní ọmọ ọdún 62! Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àbígbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọmọ-ọmọ tó tọ́ dàgbà.

Àkọ́bí ló sábà máa ń da ìṣirò rú. Bí ẹni tí wọ́n ń pè ní àkọ́bí bá ń jẹ́ Ìdòwú, ìbejì ti wà ṣáájú rẹ̀. Bó bá ń jẹ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, ọmọ ti kú lọ́wọ́ ìyá. Ẹ fi ọdún méjì sí mẹ́ta sún ẹ̀yìn fún ìbí kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ pé àkọ́bí gan-an wà nílé ọkọ àárọ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ sọ lójú àlejò. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ kì í bò ó: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ọkọ méjèèjì àti owó ìdána tí ọkọ tuntun dá padà. Lára àwọn ìwé àtijọ́ agbègbè Ọ̀ṣun wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú náà ń ṣèrànwọ́, bí a bá béèrè rẹ̀ dáadáa. "Ó mọ ìgbà tí rélùwéè dé" kò tíì tó. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907. Ṣé wọ́n pọ̀n ọ́n lọ wò ó ni, àbí ó gbé ẹrù lọ tà níbẹ̀? Ọmọ ọdún méjì àti ọmọ ọdún 14 ni ìyàtọ̀ yẹn. Ogun Hitler (1939 sí 1945), ọdún tí Ọba Adénlé gorí oyè Àtáọ́jà (1944) àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ (1955) wúlò jù fún ìbí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ. "Ìyá Àgbà" kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Bí ìyá ọkọ bá kú, ìyàwó tó kù ló ń jẹ́ ẹ, ìtàn ẹni àkọ́kọ́ á sì lẹ̀ mọ́ ẹnì kejì lára. Báyìí ni obìnrin méjì ṣe ń para pọ̀ di ẹnì kan tó lo 130 ọdún láyé. Oríkì ló ń yà wọ́n: ọ̀kan Àbẹ̀kẹ́, èkejì Àṣàkẹ́, ọ̀kan ọmọ Oníkòyí, èkejì ọmọ Olófà. Ilé bàbá ìyá sì ni kí ẹ ti lọ gbọ́ oríkì náà, kì í ṣe ilé ọkọ. Ẹ tún wo àwọn Yétúndé àti Ìyábọ̀ inú ẹbí. Bí wọ́n bá bí Yétúndé kan nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì wà láyé, ìyá mìíràn ló ti kú ṣáájú ìbí náà, ó sì lè jẹ́ ìyá ọkọ yẹn gan-an.

Nílé Mùsùlùmí, ẹ béèrè ìwé tí àáfà ilé kọ. Bó bá jẹ́ ọdún Hijira ló wà níbẹ̀, ẹ má kà á bí ọdún òyìnbó: 1318 bẹ̀rẹ̀ ní May 1900, ó parí ní April 1901. Ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú, nítorí náà ẹni tó pé 100 lọ́dọ̀ àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 97 nínú kàlẹ́ńdà tiwa.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí, ẹ kọ "àárín 1892 sí 1903", kì í ṣe ọdún kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.